Wíwá ikọ́ ife rí lára ẹni tó ní HIV: láti ìbéèrè àkọ́kọ́ dé ọjọ́ tí oògùn bẹ̀rẹ̀

Nínú àwọn tó ní HIV tí ikọ́ ife ń pa, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé kì í ṣe oògùn ni wọn ò rí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ikọ́ ife ló ń bá wọn jà ni. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí òkú àwọn àgbàlagbà tó ní HIV jọ. Nínú 100, wọ́n bá ikọ́ ife lára nǹkan bí 40, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn wọ̀nyẹn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé wọ́n ní in títí wọ́n fi kú. Bẹ́ẹ̀, àìsàn tí oògùn oṣù mẹ́fà ń wò ni, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà.

A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún nọ́ọ̀sì, fún òṣìṣẹ́ ìlera ìbílẹ̀, fún òṣìṣẹ́ lábù, àti fún ẹni tó ní HIV fúnra rẹ̀ tàbí ará ilé tó ń sìn ín lọ sí kíliníìkì, kí wọ́n lè mọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè fún. Àwọn kan ń pe àìsàn yìí ní tíbì, àwọn mìíràn ń pè é ní ikọ́ fée tàbí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ "ikọ́" tó wà nínú orúkọ rẹ̀ ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, torí lára ẹni tó ní HIV, ikọ́ lè má sí níbẹ̀ rárá.

Ìdí tó fi ń sá pamọ́

Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, àwọn ọmọ ogun ara máa ń yí kòkòrò ikọ́ ife ká, wọ́n á sé e mọ́ ojú kan nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìjà yẹn gan-an ló máa ń dá ihò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Inú ihò náà ni kòkòrò ti ń bí sí i ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, ibẹ̀ náà ni ẹni náà ti ń wú u jáde pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tí à ń pè ní CD4 ló ń darí ìjà ọ̀hún, àwọn gan-an sì ni HIV ń pa. Tí CD4 bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, kò sí ìjà gidi mọ́: ihò kì í sábà sí, kòkòrò inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kéré, kòkòrò á wá gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọrùn, sí ikùn, sí kíndìnrín, sí egungun ẹ̀yìn, títí dé awọ tó bo ọpọlọ.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn dáadáa, torí òun ló gbé gbogbo ìyókù ró. Bí ara ẹni yìí bá ṣe ń ṣàárẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àyẹ̀wò tí a mọ̀ láyé àtijọ́ á ṣe máa mọ́ tó, ìyẹn ni pé wọn ò ní rí kòkòrò. Máíkírósíkóòpù nílò nǹkan bí 5,000 sí 10,000 kòkòrò nínú mílílítà kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan kó tó rí nǹkan kan. X-ray àyà náà lè mọ́ tónítóní, tàbí kó fi àbàwọ́n díẹ̀ hàn nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró tí ẹni tó ń wò ó á fi pè é ní òtútù àyà lásán. Ẹni tí CD4 rẹ̀ jẹ́ 60 tí wọ́n sọ fún pé "àyà yín mọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín mọ́" kò tíì gbọ́ pé òun ò ní ikọ́ ife.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìbéèrè mẹ́rin, gbogbo ìgbà tó bá wá

Nígbàkígbà tí ẹni tó ní HIV bá wọlé, ì báà jẹ́ oògùn nìkan ló wá gbà, ẹ bi í nípa nǹkan mẹ́rin: ikọ́, ibà, òógùn òru, àti rírù. Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo ti tó láti gbé e lọ sí àyẹ̀wò. Ẹ má sọ pé ó dìgbà tó bá pé méjì.

Ọ̀nà tí a gbà béèrè ló ń pinnu ohun tí a máa gbọ́. Tí ẹ bá bi ìyá kan pé, "Màmá, ṣé ẹ ń wúkọ́ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì?", ẹ ti ṣi ìbéèrè náà bi. Òfin ọ̀sẹ̀ méjì wà fún ẹni tí kò ní HIV. Fún ẹni tó ní in, ikọ́ èyíkéyìí tó wà lára rẹ̀ lónìí ti tó, kódà kó jẹ́ àná ló bẹ̀rẹ̀.

Ní ti òógùn òru, ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ ni pé iná ò sí, ooru mú. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Àwọn tí ẹ jọ sùn nínú yàrá kan náà, ṣé àwọn náà ń làágùn bíi tiyín? Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ẹ ní láti dìde bọ́ aṣọ, tàbí ẹ yí pílò padà torí pé ó ti rin?" Ní ti ibà, ẹ má kàn béèrè bóyá ibà ń ṣe wọ́n, torí ọ̀pọ̀ á ní àwọn ti lo oògùn ibà tán. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe lò ó tó: ẹni tó ti lo oògùn ibà ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì, tí ara rẹ̀ sì tún ń gbóná lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ibà ẹ̀fọn kọ́ ló kàn láti máa wá lára rẹ̀ mọ́.

Ní ti rírù, ẹ má fi ẹnu nìkan béèrè. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ sì ṣí ojú ewé tó ṣáájú nínú fáìlì. Ẹni tó wọn kílò 62 ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tó wá wọn kílò 57 lónìí ti dáhùn ìbéèrè yín, ì báà máa rẹ́rìn-ín kó ní ara òun le. Ẹ wo ìgbànú rẹ̀ bóyá ó ti lu ihò tuntun sí i. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ níbí ni pé òṣùwọ̀n kíliníìkì ò péye, tàbí pé ẹni tó wọ̀n ọ́n lóṣù tó kọjá fi bàtà àti báàgì rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Nǹkan kan tún wà. Lára ẹni tó ti ń lo oògùn HIV déédéé, ìbéèrè mẹ́rin yìí máa ń fo nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní ikọ́ ife kọjá, torí oògùn ti dín àmì àìsàn kù. Nítorí náà, níbi tí X-ray bá wà, ẹ fi kún un. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CRP, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe, wúlò pàápàá fún ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV: tó bá ti ju 5 mg lọ nínú lítà kan, ẹ gbé e lọ sí àyẹ̀wò gidi.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ẹni yìí lè lọ sílé kó tún padà wá?

Kí ẹ tó fún un ní ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ wo nǹkan mẹ́rin. Ẹ ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ má kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15 kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ó léwu tó bá ju 30 lọ. Ara tó gbóná ju 39°C lọ, ọkàn tó ń lù ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí kó má lè rìn láìjẹ́ pé ẹnì kan dì í mú: ẹyọ kan nínú wọn ti tó. Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ wọlé sí ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò lọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, CD4. Àgbàlagbà tí tirẹ̀ bá kéré sí 200 ni à ń pè ní ẹni tí HIV ti wọ̀ lára gan-an, bákan náà la sì ṣe ń ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ọ̀pọ̀ kíliníìkì kì í ṣe CD4 mọ́, wọ́n á ní iye kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló kàn. Ìyẹn dára fún mímọ̀ bóyá oògùn HIV ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín bí ẹni náà ṣe sún mọ́ ewu ikọ́ ife tó. Ẹni tuntun, ẹni tó ti fi oògùn sílẹ̀ tó tún padà wá, àti ẹni tí wọ́n dá dúró sí wọ́ọ̀dù: ẹ béèrè CD4 fún wọn.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀: inú ike ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ti ń bàjẹ́

Ẹ̀rọ GeneXpert tó ń lo kátíríìjì Ultra lè rí kòkòrò tó kéré tó 16 nínú mílílítà kan. Ṣùgbọ́n itọ́ ẹnu lásán ni a sábà ń gbé fún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ bá fi ṣàlàyé fún aláìsàn kó tó tutọ́ sínú ike ṣe pàtàkì ju ohun tí òṣìṣẹ́ lábù máa ṣe lẹ́yìn náà lọ.

Ìta gbangba ni ká ti gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe nínú ilé ìtọ̀, kì í sì ṣe nínú yàrá tí àwọn mìíràn ti ń dúró de dókítà. Kó fi omi yọ́ ẹnu mọ́. Kó fa èémí sínú dáadáa, kó dì í mú díẹ̀, kó mí jáde, kó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó wá wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, kì í ṣe láti ọ̀nà ọ̀fun. Kí ẹ dúró níwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi hàn án, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má dúró sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ń wá mílílítà 3 sí 5. Ohun tó nípọn, tó ń fà, tó lè ní àwọ̀ ewé, ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Èyí tó ń hó bí ọṣẹ, tó mọ́ bí omi, itọ́ ni. Bí ó ti wù kó rí, ẹ má da ti ẹni tó ṣàìsàn gan-an nù tó bá jẹ́ ìwọ̀nba tó lè mú jáde nìyẹn. Ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì gba òmíràn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ara ike ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí, kì í ṣe orí ìdérí rẹ̀, torí ìdérí ike méjì lè ṣìpààrọ̀ lórí tábìlì. Ẹ dé e pinpin. Tí ẹ̀rọ bá jìnnà, ẹ gbé e sínú kúlà, kó sì dé lábù lọ́jọ́ kan náà tàbí lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tí kò bá lè mú nǹkan kan jáde, wọ́n lè fi ẹ̀rọ fẹ́ ìkùukùu omi iyọ̀ 3% sí i nímú, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè wá. Ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé dáadáa nìkan ni kí wọ́n ti ṣe é, torí ó ń fọ́n kòkòrò ká.

Nínú lábù: ìwọ̀n kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan, ìwọ̀n omi oògùn tó bá kátíríìjì wá méjì. Fún àpẹẹrẹ, mílílítà 2 kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á gba mílílítà 4 omi oògùn. Ẹ mì í jìnnìjìnnì ní ìgbà 10 sí 20, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ tún mì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 sí i. Tó bá ṣì ń fà, kò tíì tó, torí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí kò yọ́ tán ló sábà ń di ọ̀nà inú kátíríìjì. Ẹ wá fa mílílítà 2 sínú kátíríìjì. Èsì á jáde láàárín bíi wákàtí kan ààbọ̀. Tí iná bá lọ láàárín, kátíríìjì yẹn ti ṣòfò, nítorí náà ẹ rí i pé bátìrì tó ń gbé e dúró le kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. "Error" tàbí "Invalid" tàbí "No result" lórí ìwé kò túmọ̀ sí pé ẹni náà ò ní àìsàn. Ó túmọ̀ sí pé a kò tíì ṣe àyẹ̀wò fún un.

Ìtọ̀: àyẹ̀wò ìṣẹ́jú 25 tí kò yẹ ká fò

Ọjọ́ kan náà tí ẹ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kẹ́ ẹ gba ìtọ̀. Ẹ má dúró de èsì kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba ìtọ̀. Láti 2024 ni àjọ ìlera àgbáyé WHO ti ní kí a máa ṣe méjèèjì pọ̀ fún àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́ tó ní HIV tí àmì ikọ́ ife bá wà lára rẹ̀, tí ara rẹ̀ ò bá yá gan-an, tàbí tí HIV ti wọ̀ lára.

LAM ni ohun tí à ń wá nínú ìtọ̀. Ó wà lára èèpo kòkòrò ikọ́ ife. Tí kòkòrò bá ti tàn ká ara dé kíndìnrín, LAM á tú sínú ìtọ̀. Èyí ló fi yàtọ̀ sí àwọn yòókù pátápátá: bí CD4 bá ṣe lọ sílẹ̀ tó, ló ṣe ń ríran tó. Ní ilé ìwòsàn 10 ní South Africa, Tanzania, Zambia àti Zimbabwe, wọ́n fi àyẹ̀wò ìtọ̀ yìí kún ìtọ́jú àwọn tó ní HIV tí wọ́n dá dúró sí wọ́ọ̀dù. Èsì tó jáde ní 2016 fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 21 nínú 100 ló kú níbi tí wọ́n ti ṣe é, 25 nínú 100 níbi tí wọn ò ti ṣe é.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Gba ìtọ̀ tuntun sínú ike mímọ́ tí omi tàbí ọṣẹ ò kàn. Fa bébà àyẹ̀wò kan ya kúrò lára ìyókù, bó èèpo rẹ̀ kúrò, tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó tẹ́jú. Fi pípẹ́ẹ̀tì tó ń wọn nǹkan gan-an fa máíkírólítà 60 ìtọ̀, kó o kán an sí orí bébà funfun níbi tí àmì ọfà wà. Kọ aago sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 25, mú bébà náà lọ sí ojú ìmọ́lẹ̀, kó o gbé káàdì ìfiwéra tó bá páálí náà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an.

Ìlà méjì lo máa wò. Ìlà ìdánilójú gbọ́dọ̀ yọ. Tí kò bá yọ, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, kódà bí ìlà aláìsàn bá yọ, kó o tún un ṣe. Tí ó bá yọ, wo ìlà aláìsàn: tó bá hàn tó ìlà tó ṣá jù lórí káàdì, tàbí tó hàn jù ú lọ, ikọ́ ife wà. Tó bá ṣá ju ti káàdì lọ, èsì rẹ̀ ni pé kò sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé àwọn èèyàn máa ń kà á ní ìṣẹ́jú 10 torí pé èrò pọ̀ níta, tàbí kí wọ́n lọ jẹun kí wọ́n padà wá kà á lẹ́yìn wákàtí kan. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 35, ìlà tó bá yọ kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Àwọn mìíràn ò lo káàdì, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n lójú. Àwọn mìíràn tọ́jú páálí sí inú yàrá onípáànù tó ń gbóná ju 30°C lọ lọ́sàn-án. Gbogbo èyí ń bà á jẹ́ láìsọ̀rọ̀.

Láàárín àwọn tó ní àmì àìsàn, nǹkan bí 42 nínú 100 àwọn tó ní ikọ́ ife lóòótọ́ ni LAM ń rí. Ìyẹn ni pé tó bá sọ pé ó wà, ẹ gbé oògùn lónìí. Tó bá sọ pé kò sí, kò tíì sọ nǹkan kan. LAM kò sì lè sọ bóyá kòkòrò náà ti borí rifampicin, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn oògùn ikọ́ ife, torí náà kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí GeneXpert síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kòkòrò tó bá ti ikọ́ ife tan, tàbí àìsàn histoplasmosis, lè mú kí ìlà yọ. Tí ara ò bá yá lẹ́yìn oògùn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ rántí èyí.

Kíka ìwé GeneXpert

Tí ìwé bá kọ "MTB detected", tó sì kọ "high", "medium", "low" tàbí "very low" sí i, ọ̀rọ̀ ti parí: ikọ́ ife ni. Ọ̀rọ̀ kéékèèké yẹn ń sọ bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó. Kò sọ bí àìsàn ṣe le tó, torí náà ẹ má fi "very low" tu aláìsàn nínú pé tirẹ̀ kéré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni "trace". Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ rí ipasẹ̀ kòkòrò, ṣùgbọ́n kò tó láti mọ ti rifampicin. Fún ẹni tí kò ní HIV, wọ́n lè ní kó tún un ṣe. Fún ẹni tó ní HIV àti fún ọmọdé, "trace" jẹ́ ikọ́ ife, oògùn ló kàn. Ẹ kàn kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti lo oògùn ikọ́ ife láàárín ọdún 5 sẹ́yìn, torí ẹ̀rọ yìí lè rí òkú kòkòrò àtijọ́. Tó bá ti lò ó rí, kí dókítà wo àmì àìsàn àti X-ray papọ̀ kó tó pinnu.

Tí "RIF resistance detected" bá wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kòkòrò ti borí rifampicin, ilé ìwòsàn tó ń rí sí irú èyí tí oògùn kò ràn ni kí ẹ darí rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tuntun fún àyẹ̀wò oògùn yòókù.

Nígbà tí gbogbo èsì bá mọ́ tí ara ò sì yá

Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń pa fáìlì dé, ibí yìí náà sì ni ẹ̀mí ti ń bọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mọ́, ìtọ̀ mọ́, ẹni náà ṣì ń rù. Ẹ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kejì, ti àárọ̀. Ẹ ya X-ray. Àbàwọ́n wẹ́wẹ́ bíi hóró ọkà bàbà káàkiri ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, kókó tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn, tàbí omi inú àyà: gbogbo wọn ń tọ́ka sí ikọ́ ife lára ẹni tó ní HIV, bí ihò ò tilẹ̀ sí. Níbi tí ẹ̀rọ ìwo-inú tí wọ́n fi ń wo aboyún bá wà, ẹ fi wo ikùn: kókó tó wú níbẹ̀, àmì kéékèèké nínú ọlọ inú, tàbí omi tó yí ọkàn ká jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára.

Tí wọ́n bá fẹ́ fún un ní oògùn kòkòrò fún òtútù àyà kí wọ́n lè wo bí ara ṣe máa ṣe, kí wọ́n má fi ciprofloxacin tàbí levofloxacin ṣe é. Àwọn oògùn yẹn ń bá kòkòrò ikọ́ ife jà díẹ̀: ara á fúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, àyẹ̀wò á tún mọ́ sí i, àìsàn á wá padà wá pẹ̀lú agbára. Ẹ bi aláìsàn ní kedere ohun tó ti rà ní kẹ́míìsì. Fún ẹni tí èémí bá ń há, ẹ rántí irú òtútù àyà tí cotrimoxazole ń wò, torí ó sábà máa ń bá ẹni tí CD4 rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Tí ẹni náà bá ní àmì ewu tí a sọ lókè, tí àmì sì ń tọ́ka sí ikọ́ ife, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ oògùn láìrí kòkòrò kankan. A ò ní kó dúró de kọ́ṣọ̀, ìyẹn gbígbin kòkòrò sí lábù láti wò ó bóyá á hù, tó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ.

Tí kò bá sí nínú ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ fi ọwọ́ wá ọrùn, abíyá àti ìtàn. Kókó tó ju ìwọ̀n ẹ̀pà lọ, tó ń pọ̀ sí i, tó lè so mọ́ra wọn, ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa omi inú rẹ̀. Ẹ̀kán díẹ̀ ti tó fún GeneXpert. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò gba iṣẹ́ abẹ. Omi àyà náà ṣeé fà, ṣùgbọ́n GeneXpert kì í sábà rí kòkòrò nínú rẹ̀. Èsì tó mọ́ níbẹ̀ kò dá oògùn dúró.

Orí fífọ́ tí kò lọ, ọrùn tó gan, tàbí ìwà tó yí padà: ẹ má ṣe lọ́ra. Omi ẹ̀yìn ni kí wọ́n fà, kí wọ́n ṣe GeneXpert sí i, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò cryptococcus, kòkòrò mìíràn tó ń ba awọ ọpọlọ jà, pẹ̀lú, torí àìsàn méjèèjì jọra wọn lójú.

Àwọn ọmọdé

Ọmọ kékeré kì í tutọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ó ń gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ rẹ̀ fi wúlò. Wọ́n á mú ìgbẹ́ tó tó gíráàmù 0.8, wọ́n á fi sínú ìgò omi oògùn mílílítà 8, wọ́n á mì í, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n á tún mì í, wọ́n á tún dúró fún ìṣẹ́jú 10 kó lè rògún, wọ́n á wá fa mílílítà 2 láti òkè. Ẹ fi ìtọ̀ LAM kún un. Ìbéèrè mẹ́rin ti ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀: ikọ́, ibà, kó má sanra bó ṣe yẹ, àti bóyá ẹnì kan nínú ilé ní ikọ́ ife. Ẹ wo ìlà ìdàgbàsókè nínú káàdì rẹ̀. Tó bá tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ fún oṣù méjì, ẹ má sọ pé eyín ló ń hù.

Ọjọ́ tí èsì bá jáde

Oògùn ikọ́ ife máa ń jẹ́ mẹ́rin papọ̀ fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà méjì fún oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ èsì ni kó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV kí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àfi tó bá ti dé awọ ọpọlọ: ìyẹn á dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Tí dolutegravir bá wà nínú oògùn HIV rẹ̀, rifampicin á máa lé e jáde lára, torí náà kó máa lo mílígíráàmù 50 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí rifampicin bá parí. Ẹ sọ fún un pé ibà lè padà tàbí kókó lè wú sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV. Ara ló ń jí tó ń bá kòkòrò jà. Kó padà wá, ṣùgbọ́n kó má dá oògùn dúró.

Ẹni tí ìbéèrè mẹ́rin bá bá ní "rárá" pátápátá, oògùn ìdènà ló tọ́ sí: isoniazid àti rifapentine lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, tàbí isoniazid lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e fún un, ẹ tún ìbéèrè mẹ́rin náà bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì tún gbé e sórí òṣùwọ̀n. Tí ikọ́ ife bá ti ń jà lára rẹ̀ láìmọ̀, oògùn ìdènà nìkan kò ní wò ó, á kàn kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí isoniazid.